Ẹ Máa Ka Ọkàn Tó Ṣòfò Pẹ̀lú: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Ìlera Àgbáyé

Sí ẹ̀yin aláṣẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé, pàápàá ẹ̀yin tí kíkọ ìlànà àgbáyé lórí ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara wà níkàáwọ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Lọ́dún 2024, Àpérò Ìlera Àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínlọ́gọ́rin fọwọ́ sí ìpinnu pé kí ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara túbọ̀ wà lárọ̀ọ́wọ́tó, kí ọwọ́ tó ń ṣe é mọ́, kí ojú sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ kọ ìlànà tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan la fẹ́ bá yín sọ, nítorí ọkàn kò rí bíi kíndìnrín. Méjì ni kíndìnrín ẹni. Alààyè lè fi ọ̀kan tọrẹ, ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ sì lè máa lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kíndìnrín tí a yọ lè wà nínú yìnyín fún odidi ọjọ́ kan kó má bàjẹ́. Ọkàn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí a bá fi ìwọ̀n kíndìnrín gé, yóò fún ọkàn lọ́rùn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Iye ọkàn tí ilé ìwòsàn kan pààrọ̀ lọ́dún kọ́ ni kí ẹ fi máa díwọ̀n iṣẹ́ rere. Ẹ jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ka ọkàn tí wọ́n fi lọ àwọn dókítà wọn tí wọn kò lò, pẹ̀lú ìdí tí wọn kò fi lò ó. Kí wọ́n sì máa ka àwọn tó gba ọkàn tí wọ́n ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí oògùn wọn kò dáwọ́ dúró. Nínú wákàtí tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti nínú àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀mí ti ń bọ́.

Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀bẹ tì ná, torí ọ̀bẹ kọ́ ni ìṣòro mọ́. Ajá ni Norman Shumway àti Richard Lower fi kọ́ iṣẹ́ náà ní Stanford, wọ́n sì gbé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é jáde lọ́dún 1960. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, Christiaan Barnard ṣe é fún ènìyàn nílé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town. Ọjọ́ méjìdínlógún ni Louis Washkansky tó gba ọkàn náà lò kí òtútù àyà tó pa á. Ọkàn tuntun kò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi tẹ àwọn sójà ara rẹ̀ lórí ba ló ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ayé rọ́ wọnú iṣẹ́ náà. Wọ́n pààrọ̀ ọkàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á kú láàárín oṣù díẹ̀, ilé ìwòsàn tó pọ̀ sì jáwọ́. Stanford kò jáwọ́. Ibẹ̀ ni Philip Caves ti ṣe waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́dún 1973 tó ń gba iṣan ọrùn wọ inú ọkàn lọ bu ẹran bíńtín wá, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó bóyá ara ti ń kọ ọkàn náà kí àmì kankan tó hàn. Lẹ́yìn náà ni cyclosporine dé, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ọkàn, tí wọ́n rí lára fọ́ńgọ́ọ̀sì inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1983. Láti ìgbà náà ni ẹni tó gba ọkàn ti lè máa ka ọdún.

Ojú ibi tí a ń rán kò ju márùn-ún lọ. Yàrá òkè apá òsì ọkàn la kọ́kọ́ ń rán nítorí ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn kò ní rí ojú rẹ̀ mọ́. Ó wá ku iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ara, èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, aorta (iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọkàn), àti èyí tó ń bọ̀ láti apá orí. Kí wọ́n tó tú kílíǹpù, irin tí wọ́n fi há iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọkàn jáde, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá gba ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ ló máa dà. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ń parí ìránṣọ yìí láàárín nǹkan bí wákàtí kan. Èyí kì í ṣe ibi tí ìlànà yín ti nílò ìrànwọ́.

Aago tó ṣe pàtàkì bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, látìgbà tí kílíǹpù bá ti há aorta olùtọrẹ. Wọ́n á ti fún un ní heparin, yúnìítì 300 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Wọ́n á da omi tútù tó ní potassium sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn títí ọkàn á fi dákẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi í sínú ọ̀rá tó wọnú ara wọn ní ipele mẹ́ta, ó di inú kúlà yìnyín. Ní 4°C, iṣẹ́ tí ẹran ọkàn ń ṣe á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kì í dúró. Ó ń jẹ agbára tó ti kó pamọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ásíìdì sì ń kóra jọ sínú rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá wákàtí mẹ́rin, ewu pé kò ní lè fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa bó bá dé àyà tuntun á máa gòkè. Yìnyín náà ní ìwà ìbàjẹ́ tirẹ̀: ibi tó bá fara kàn án lè tutù kọjá 2°C sísàlẹ̀, ẹran ibẹ̀ á sì ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ìtẹ̀síwájú tó tóbi jù lọ lẹ́nu ọdún mẹ́wàá yìí, orí wákàtí mẹ́rin yẹn ló wà. Àwọn àpótí kan wà báyìí tó ń pa ọkàn mọ́ sáàárín 4°C sí 8°C láìjẹ́ kó kan yìnyín rárá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ fúnra rẹ̀, bíi lítà kan àti díẹ̀, gba inú ọkàn ní nǹkan bí 34°C, tí ọkàn sì ń lù lọ nínú ọkọ̀. Àwọn tó dúró tì í ń wọn lactate, ohun tó ń kóra jọ bí ẹran ọkàn kò bá rí ọ́síjìn tó, léraléra. Bó bá ń gòkè dípò kó máa wálẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọkàn yẹn kò ní ṣeé lò. Òmíràn kì í jẹ́ kí ọkàn lù: ní 8°C ló ti ń fi omi olóunjẹ tó ní ọ́síjìn ṣàn díẹ̀díẹ̀ wọnú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti gbé ọkàn kọjá wákàtí mẹ́jọ, tó sì ṣiṣẹ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé olùtọrẹ tó wà ní ìlú tó jìnnà, tí ẹnì kankan kì í ronú kàn tẹ́lẹ̀, ti wọ inú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọ̀nyí wọ́n, ohun èlò inú wọn kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lójú ọ̀nà. Èrò wa ni pé kí ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé dandan ni fún gbogbo ibi. Ìrìn àjò wákàtí méjì kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ ìwé òfin kì í rí. Wákàtí tó ń ṣòfò kì í sábà ṣòfò lójú ọ̀run. Yàrá iṣẹ́ abẹ olùgbà ló ti ń ṣòfò. Ẹni tí wọ́n ti la àyà rẹ̀ rí, tàbí tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn fa ẹ̀jẹ̀ nínú, àpá á ti lẹ ọkàn mọ́ egungun àyà rẹ̀. Ṣíṣí i lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dúró de ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá balẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọkàn á dé, á sì máa dúró dè wọ́n. Ẹni tó ń ṣètò náà gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ìpele kọ̀ọ̀kan: nígbà tí wọ́n wọ yàrá, nígbà tí wọ́n fojú rí ọkàn pé ó dára, nígbà tí wọ́n há kílíǹpù, nígbà tí wọ́n kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni yìí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tó ń tàn yinrin nínú yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé owó rẹ̀.

Ẹ wá wo ọkàn tí kì í tilẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú àti dókítà kò ti wọ́n, àwọn olùtọrẹ tó ti kú tí wọ́n ń lo ọkàn wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ìyókù ló dára; ọjọ́ orí ti lọ lára òmíràn, iṣan ẹ̀jẹ̀ òmíràn ti dí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìkánjú ló pa wọ́n. Nígbà tí ọpọlọ olùtọrẹ bá ń kú, ara rẹ̀ á tú adrenaline jáde lọ́nà tó bùáyà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á fò sókè, á tún já wálẹ̀, ẹran ọkàn á sì rẹ̀wẹ̀sì fún ìgbà díẹ̀. Àyẹ̀wò echo (àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà) tí wọ́n bá ṣe lásìkò yẹn á fi hàn pé ọkàn kò fún dáadáa, dókítà tó wà lórí fóònù á sì ní òun kò fẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fún olùtọrẹ ní vasopressin nítorí ìtọ̀ tó ń dà lọ lára rẹ̀, tí wọ́n dá omi ara rẹ̀ padà, tí wọ́n dín adrenaline tí wọ́n ń fà sí i lára kù, tí wọ́n sì tún echo ṣe lẹ́yìn wákàtí mélòó kan títí di ọjọ́ kejì, púpọ̀ nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ á ti padà bọ̀ sípò. Ohun tí kò ṣiṣẹ́ náà wà: ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fún àwọn olùtọrẹ ní levothyroxine, oògùn họ́mọ́ọ̀nù tairọ́ọ̀dù, kí ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2023 tó fi hàn pé kò mú kí ọkàn tí wọ́n lò pọ̀ sí i. Ẹ kọ èyí sínú ìlànà yín pé echo kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní kùtùkùtù kò tó láti fi kọ ọkàn sílẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Bákan náà ni ọkàn ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, tí wọ́n ń jù nù tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé bí olùgbà bá bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, fáírọ́ọ̀sì náà kì í rí ibi fìdí kalẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ló kàn, ìyẹn ọkàn ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò kú tán, ṣùgbọ́n tí kò sí ìrètí fún mọ́, tí àwọn ẹbí gbà pé kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń bá a mí kúrò. Lọ́dún 2014 ni ilé ìwòsàn St Vincent's ní Sydney gba irú ọkàn bẹ́ẹ̀ láti ibòmíràn, tí wọ́n sọ ọ́ jí nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì fi í sí àyà àgbàlagbà. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò gba àṣìṣe. Wọ́n á yọ ẹ̀rọ, wọ́n á dúró kí ọkàn fúnra rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn tó bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ ibi ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìfọwọ́ kàn án, kí ó dájú pé kò ní padà lù. Dókítà tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìpààrọ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ pé ó ti kú. Láti ìgbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti wálẹ̀ kọjá 50 ni wọ́n ti ń ka aago kejì, bó bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkàn tó rí ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn padà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn á fi í sílẹ̀. Èsì rẹ̀ dára. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2023, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba irú ọkàn yìí ló wà láàyè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìdá 90 ni ti àwọn tó gba ọkàn ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kú.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìṣègùn. Ọ̀nà kejì wà tí wọn kì í lo ẹ̀rọ olówó ńlá: wọ́n á há àwọn iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ara olóògbé títí ọkàn rẹ̀ á fi lù nínú àyà rẹ̀. Ó dín owó kù, ó sì jẹ́ kí dókítà rí bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó yọ ọ́. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ní kí wọ́n dá a dúró ná, torí wọn kò mọ bí ènìyàn ṣe lè pe ẹni tí ọkàn rẹ̀ tún ń lù ní òkú. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gbà á, àwọn kan kà á léèwọ̀. Ẹ má ṣe dákẹ́ lórí èyí. Ẹ sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é: ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ kankan kò dé ọpọlọ, ohun tí wọ́n sọ fún ẹbí àti bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹni tó fọwọ́ sí ikú náà. Ìdákẹ́jẹ́ ní owó tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968, dókítà Juro Wada pààrọ̀ ọkàn àkọ́kọ́ ní Japan; iyèméjì wọnú ọ̀rọ̀ náà bóyá olùtọrẹ ti kú lóòótọ́ àti bóyá olùgbà nílò rẹ̀. Òfin ikú ọpọlọ kò jáde ní Japan títí di ọdún 1997, wọn kò sì pààrọ̀ ọkàn míràn níbẹ̀ títí di ọdún 1999. Ẹ fojú inú wo iye ènìyàn tó kú láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn.

Àwọn kan á sọ fún yín pé òfin tó ka gbogbo ènìyàn sí olùtọrẹ àyàfi ẹni tó bá kọ̀ ló máa yanjú ẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Spain ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọdún 1989 ni iye olùtọrẹ wọn tó gbéra, nígbà tí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó fi dókítà wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe ṣe alákòóso nínú ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti dá ẹni tó lè tọrẹ mọ̀ ní àkókò, kí wọ́n sì bá ẹbí jókòó sọ̀rọ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì máa ń bi ẹbí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ewu àkọ́kọ́ ni apá ọ̀tún ọkàn. Bí ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró olùgbà bá ti ga fún ọdún púpọ̀, ọkàn tuntun tí kò mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí lè dákú lórí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá yìí kí wọ́n tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lóòrèkóòrè.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti lè ṣe iṣẹ́ jù lọ ni ilé oògùn. Tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ọkàn, ni òpómúléró báyìí. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 10 sí 15 nanogram nínú mílílítà kan. Bó bá ti pẹ́, a lè jẹ́ kó wálẹ̀ sí 5 sí 10. Wákàtí méjìlá méjìlá ni wọ́n ń lò ó, a sì gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kí aláìsàn tó gbé ti òwúrọ̀ mì. Bó bá ti gbé e mì kó tó kúrò nílé, irọ́ ni èsì yẹn. Bó bá pọ̀ jù, kíndìnrín á forí fá a, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Bó bá kéré, ara á kọ ọkàn. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife á fà á wálẹ̀ gidigidi láàárín ọjọ́ díẹ̀, fluconazole tí wọ́n fi ń wo àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì á gbé e sókè. Dókítà abúlé tó fún aláìsàn ní ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí láìpe ilé ìwòsàn ńlá lè ba iṣẹ́ ọdún márùn-ún jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mycophenolate, òun náà tó ń tẹ àwọn sójà ara lórí ba, wà pẹ̀lú rẹ̀, àti sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀, co-trimoxazole fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró, valganciclovir tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, àti oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì nítorí ọ̀tá tó ń pẹ́ dé: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn tuntun á máa nípọn sínú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí ìdajì àwọn olùgbà ló máa ń ní in. A ti gé gbogbo fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọkàn lọ sí ọpọlọ, torí náà iṣan náà lè dí láìsí ìrora kankan láyà. Ẹni tí kò bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún lè má rí àmì kankan títí ọkàn á fi dúró.

Torí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kankan fún ilé ìwòsàn ní ìwé àṣẹ láti pààrọ̀ ọkàn láìṣe pé oògùn wọ̀nyí dájú fún aláìsàn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti pé ilé àyẹ̀wò tó lè wọn tacrolimus kí ọjọ́ tó pé méjì wà nítòsí. Ìdajì àwọn àgbàlagbà tó gba ọkàn ń lò ju ọdún méjìlá lọ níbi tí gbogbo èyí ti wà. Ibi tí oògùn ti ń tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọkàn tó yẹ kó gba ẹlòmíràn là ni wọ́n ń fi ṣòfò níbẹ̀.

Ẹnì kan á gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wá síwájú yín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Yunifásítì Maryland fi ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yí jíìnì mẹ́wàá padà nínú rẹ̀ sí àyà David Bennett. Ó lo oṣù méjì, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkàn náà. Ẹnì kejì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n máa bá a lọ, àmọ́ kò yẹ kí minisita kankan fi í ṣe àwáwí pé òun kò gba alákòóso síṣẹ́ lónìí.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn orílẹ̀-èdè ń kọ ránṣẹ́ lọ́dọọdún wà lọ́wọ́ yín, èyí tí ẹ̀yin àti àjọ Spain jọ ń kó jọ. Ó ń béèrè iye ọkàn tí wọ́n pààrọ̀. Ẹ fi ìlà mélòó kan kún un: ọkàn mélòó ni wọ́n fi lọ̀ yín, mélòó lẹ kọ̀ nítorí echo, ṣé ẹ sì tún echo náà ṣe, mélòó lẹ kọ̀ nítorí ọ̀nà jìn, mélòó nítorí pé kò sí bẹ́ẹ̀dì tàbí ọkọ̀, mélòó ni ẹbí kọ̀, ta ló sì bá wọn sọ̀rọ̀, nínú àwọn tó gba ọkàn lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, mélòó ló wà láàyè, ọjọ́ mélòó ni oògùn tán mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Kí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ tó jáde ni a fẹ́ kí ìlà wọ̀nyí ti wà nínú rẹ̀.

Àwa tí ìtọ́jú àwọn tó ń dúró de ọkàn àti àwọn tó ti gbà á jẹ́ iṣẹ́ wa.